Kànga Mi Kò Gbẹ Lọ́dún Náà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú láti bí ọdún mélòó kan, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Mi ò lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Mi ò lè sọ ọ́ fún Ààfáà àdúgbò wa. Ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún gan-an ni mo ń sá fún, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti tirẹ̀.

Obìnrin náà ń fi ẹsẹ̀ kan wọ́lẹ̀ rìn. Èmi ni mo fà á. Kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, bó bá sì ń gbàdúrà, ó máa ń dárúkọ mi kó tó dárúkọ àwọn ọmọ tó bí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà mi lọ́sẹ̀ tó kọjá tó jẹ́ kí n rí i pé mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún un, mo lè pàdánù rẹ̀. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, mi ò mọ irú èèyàn tí mo dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Opó ni mí. Ìlú wa wà lábẹ́ òkè, ní ìhà Ìgbẹ́tì níbí. Òrí ni mo ń ṣe tà, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi ni. Àwọn ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ, èyí tó gbẹ̀yìn sì wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nítorí náà èmi nìkan ni mò ń gbé inú ilé.

Mi ò ní kọ orúkọ obìnrin náà gan-an síbí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Sàkírù. Kì í ṣe ọmọ ìlú wa, Komu ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, ọkọ rẹ̀ náà sì ti kú. Àgbàdo àti ọkà bàbà ló máa ń lọ rà ní ìhà Kiṣi. Á bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, á bá a bọ̀, eruku pupa á ti bò ó títí dé ìpéǹpéjú, síbẹ̀ ẹ̀rín ni yóò bá wọlé. Kò ní tíì wẹ̀ tí á ti yà sọ́dọ̀ mi láti béèrè bóyá mo ti jẹun.

Nígbà tí mo wà nínú tákàbà ọkọ mi, tí mi ò gbọ́dọ̀ jáde, òun ló ń bá mi lọ sọ́jà. Òun ló ń bá mi gbálẹ̀ ìta. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí lẹ́yìn ìgbà náà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bí ẹni tó ń mí.

Èmi ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo máa ń yára bínú, mo sì lẹ́nu. Mo lè fún èèyàn ní nǹkan lónìí, kí n máa wo ọwọ́ rẹ̀ lọ́la. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ṣe ẹnì kan lóore, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ kí ẹni náà tó dé ilé rẹ̀.

Kànga kan wà nínú ọgbà mi. Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ. Ó kan àpáta, kò fi í sílẹ̀, ó ń gbẹ́ ẹ lọ títí omi fi dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga àwọn ẹlòmíràn bá ti ń gbẹ, omi ṣì máa ń wà nínú tiwa. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn níbẹ̀. Ọkọ mi kò lé ẹnikẹ́ni rí, lẹ́yìn tó sì kú, ojú ò jẹ́ kí èmi náà lé ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò tètè dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ mú gan-an. Àwọn kànga àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì kọjú sí tèmi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ariwo korobá ló ń jí mi. Nígbà tí oòrùn bá fi máa ga, ẹrẹ̀ nìkan ló máa kù nísàlẹ̀, á sì di ọjọ́ kejì kí omi tó tún sun jọ.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òrí á mọ ohun tí ojú mi rí. Bí a bá ti yan kóró òrí, tí a lọ̀ ọ́, omi la máa fi pò ó. A ó máa fi ọwọ́ lù ú, a ó máa lù ú, títí ọ̀rá á fi funfun, tí á léfòó. Lẹ́yìn náà la máa fọ̀ ọ́ lómi tó mọ́, a ó tún un fọ̀, a ó tún un fọ̀, ká tó gbé e kaná. Bí omi kò bá mọ́ tàbí tí kò tó, òrí náà á dúdú, á máa rùn, kò sì sẹ́ni tó máa fi ra ara.

Obìnrin kan láti Ìlọrin, oníbàárà mi àtijọ́, ti ní kí n ṣe òrí púpọ̀ sílẹ̀ de òun. Lọ́jọ́ kan mo ti lu òrí láti òwúrọ̀ títí èjìká fi ń ro mí. Ọ̀rá ti jáde. Mo gbé korobá, mo dé ìdí kànga, ẹrẹ̀ ni mo fà jáde. Mo lọ káàkiri, mi ò rí omi. Gbogbo òrí ọjọ́ náà bàjẹ́ lójú mi. Mo jókòó ti agbada tí mo fi ń lu òrí, mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí gbogbo ẹni tó ti pọn omi nínú ọgbà mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Sàkírù náà sì wà lára wọn.

Ní àdúgbò wa, bí kànga bá gbẹ, ẹni tó ni ín á tú okùn kúrò lára korobá, á fi páànù dé kànga náà, á wá da korobá dojú bolẹ̀ lórí páànù. Ẹni tó bá ti rí i ti mọ̀. Kò ní ṣí i wò. Bó bá ṣí i wò, ó ti pe onílé ní òpùrọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Á kàn kí onílé kú àmúmọ́ra, á yí padà.

Mo tú okùn náà. Mo dé kànga. Mo da korobá dojú bolẹ̀. Omi wà nínú kànga mi, mo sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ ọ́ láti fi dá ara mi láre, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò lọ́kàn ni pé kí n kàn parí òrí obìnrin Ìlọrin yìí. Mo ní lẹ́yìn ìyẹn n ó so okùn padà. Nígbà tí àwọn èèyàn dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n rí korobá, èmi ni wọ́n ń bá kẹ́dùn. Ìyá Sàkírù di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní òun ò mọ̀ pé ọdún yìí á le tó bẹ́ẹ̀, pé kí n má jẹ́ kó dùn mí.

Ibi tí omi kù sí ni kòtò ńlá kan tí àwọn tó ń wa òkúta fi sílẹ̀ lẹ́yìn òkè. Ó jìnnà. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ kún fún ẹ̀rúnrún òkúta funfun tó ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Àwọn obìnrin á kírun àsùbáà tán, wọ́n á kó kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á jọ lọ. Nígbà tí àdúgbò bá ti dá, èmi á ṣí páànù, èmi á fa omi tó máa tó mi, èmi á tún dé e. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ibi tí mo ti rí omi ṣe òrí, mo ní èèyàn mi kan ló ń bá mi gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n gbà mí gbọ́. Kí ló dé tí wọn ò ní gbà mí gbọ́?

Kí wọ́n má baà fura, mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ nígbà mìíràn. Orúnkún ti ń dùn mí tipẹ́, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń gòkè bọ̀ láti inú kòtò, Ìyá Sàkírù wẹ̀yìn, ó rí bí mo ṣe ń fà bọ̀. Ó dúró dè mí. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí n máa jókòó sílé, pé òun á máa pọn tèmi mọ́ tòun. Mo kọ̀, ṣùgbọ́n kíkọ̀ ẹnu lásán ni. Ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi, pé omi wà nílé mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo wo àwọn obìnrin tó kù níwájú wa, ẹrù lórí gbogbo wọn, òógùn ń ṣàn lójú wọn, ojú sì tì mí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Láti ìgbà náà, á lọ lẹ́ẹ̀kan fún ilé tirẹ̀, á bọ̀, á tún padà lọ nítorí tèmi. Á gbé kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè náà sẹ́nu ọ̀nà mi, á fi ìka kan ilẹ̀kùn, kí n tó jáde á ti lọ. Kì í dúró gba ọpẹ́. Mi ò lè da omi náà nù. Mo máa ń dà á sínú ìkòkò, mo sì ń mu ún. Òórùn òkúta wà lára rẹ̀. Èmi á jókòó lẹ́bàá fèrèsé, èmi á máa mu omi tí obìnrin yìí rù wá láti ẹ̀yìn òkè, kànga mi á sì wà níta níbẹ̀ tí mò ń wò ó.

Obìnrin Ìlọrin wá, ó kó òrí rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n so okùn padà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Pé omi padà wá nínú ọyẹ́, láìsí òjò? Ọmọdé gan-an á mọ̀ pé irọ́ ni. Mo wá ń dúró de òjò, kó wá bá mi bo irọ́ mi mọ́lẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún òjò pẹ̀lú ẹ̀mí gidi, àwọn èèyàn sì ń ṣe àmín.

Ìyá Sàkírù ṣubú kí òjò tó dé.

Ìgbà kejì tó lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, ìyẹn ìgbà tó lọ nítorí tèmi. Ẹ̀rúnrún òkúta yọ̀ ọ́ bó ṣe ń gòkè, ó yí lulẹ̀ padà sínú kòtò, ó sì fi ìbàdí gbá àpáta. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e wálé, ọmọkùnrin kan gbá a mú láti ẹ̀yìn. Mo sáré jáde. Ìrora ti yí ojú rẹ̀ padà. Nígbà tó rí mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyí: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Omi yín ti dànù."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ń tù mí nínú, wọ́n ní kí n má ronú pé nítorí tèmi ni, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹnì kan gbé kẹ́ẹ̀gì mi tó ti ya wá, ó fi í tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ibẹ̀ ló wà tí òjò fi dé. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ pọ̀ gan-an. Mo so okùn mọ́ korobá lọ́jọ́ kejì, àwọn ará àdúgbò sì bá mi yọ̀ pé kànga mi ti sọjí. Nígbà tí wọ́n wá gbé Ìyá Sàkírù wálé, tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, tó gbọ́ pé omi ti padà sínú kànga mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní Alihamudulilahi. Orí ẹní ló ti ń dúpẹ́ fún mi.

Ẹsẹ̀ náà kò padà bọ̀ sípò. Kò lọ sí Kiṣi mọ́ láti ìgbà náà. Bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá, àwọn awakọ̀ á fọn fèrè kí i, òun náà á juwọ́ sí wọn láti ẹnu ọ̀nà, á wá padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Òwò tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ parí síbẹ̀.

Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo ń gbé omi ìwẹ̀ fún un, mo ń bá a fọṣọ, ọbẹ̀ kan náà là ń jẹ. Òrí tèmi ni mo fi ń pa ìbàdí yẹn fún un ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ìlú ló sì ń yìn mí. Nínú àwẹ̀ tó kọjá, Ààfáà ń ṣe wáàsí lórí ẹ̀tọ́ aládùúgbò, ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣe ọ̀rẹ́ àti oore sí aládùúgbò, kó lọ wo ilé mi. Àwọn obìnrin yíjú sí mi. Mo ń wo ẹní tí mo jókòó lé, mi ò lè gbé orí sókè. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà mí, òótọ́ ni. Mo ń sìn ín bí ẹni tó ń sanwó ìtanràn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń sọ ìtàn àwọn ará ọkọ̀ Kiṣi fún mi tí a jọ ń rẹ́rìn-ín, ó ti di ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé. Mi ò mọ ọjọ́ tó di bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá ń pa mí nìyẹn, nítorí bí ìfẹ́ yìí ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Sàkírù, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wálé. Ó ní nítorí pé èmi ni mo ti di ẹsẹ̀ fún ìyá òun, òun fẹ́ gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún mi sínú ọgbà mi, kí n má fa okùn mọ́ láyé mi. Mo ní rárá, pé kó lọ gbẹ́ ẹ sínú ọgbà ìyá rẹ̀. Mo fi gbogbo ọkàn mi sọ ọ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní òun ò rí èèyàn bí èmi rí. Ìyá rẹ̀ ń fi ìborùn nu ojú. Mo rí i nígbà náà pé kò sí oore tí mo lè ṣe mọ́ tí wọn ò ní fi kún ìyìn mi.

Wọn ò gbà fún mi, inú ọgbà mi ni ọkùnrin tó máa gbẹ́ kànga náà ti wá wo ilẹ̀. Ó dúró sídìí kànga àtijọ́, ó béèrè bóyá ó máa ń gbẹ. Mo la ẹnu. Ìyá Sàkírù, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló dáhùn.

Ó ní, "Ó gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tí mo ṣubú ni."

Ọkùnrin náà wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbínú ló sún mi pa irọ́ àkọ́kọ́. Èyí kì í ṣe ìbínú. Ara mi balẹ̀, ojú mi mọ́, mo sì jẹ́ kí obìnrin tí mo sọ di arọ bá mi jẹ́rìí irọ́ láìmọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo wọlé tọ̀ ọ́. Mo ti pinnu. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ìyá Sàkírù, ọdún tí kànga yẹn gbẹ…" Ó fọwọ́ kàn mí lórí itan, ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ tòun.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Komu ni mí. Ká ní mi ò ṣubú ni, mi ò bá tí mọ̀ pé mo ní ẹbí nílùú yìí. Mo ti dárí ji ẹsẹ̀ yìí nítorí yín."

Mo bu òrí sọ́wọ́, mo pa á sí i ní ìbàdí, mo sì lọ sílé mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, ọkàn mi lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹbí kan ṣoṣo tó rò pé òun ní níbí ni mo máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ ló ń jẹ tó ń mu lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, tó sì ń dúpẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ìdákẹ́ mi ni oore. Nígbà mìíràn mo mọ̀ pé ojo lásán ni mí. Mi ò wá mọ èwo ni mo fẹ́ gbà gbọ́ mọ́. Ìyá Sàkírù kò lè ka ìwé yìí, ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá kà á tó sì mọ̀ mí, kó jọ̀ọ́, kó forí jì mí, kó má tíì sọ fún un títí n ó fi ní ìgboyà láti fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbẹ́ kànga náà. Ìyá Sàkírù ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé bí omi bá jáde, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, pé òun fúnra òun á bu ife àkọ́kọ́, òun á wọ́ ẹsẹ̀ wá, òun á sì gbé e fún mi mu. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e mì?